Abẹ Tí Kò Kan Awọ

Ẹni tó bá fẹ́ gé ọmọlàkejì lójú, kó gé e ní gbangba, kí ayé rí i, kí wọ́n mọ ẹni tí wọn yóò bú. Èyí tí wọ́n ṣe fún Kafilat, iwájú kámẹ́rà ni wọ́n ti ṣe é, àwọn tó wà níbẹ̀ sì pàtẹ́wọ́. Inú ń bí mi bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí. Ẹ ṣáà jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.

Eré tẹlifíṣọ̀n ni. Ojú Tuntun ni wọ́n pè é. Wọ́n yá ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan létí Ìwó, lọ́nà Ilé-Ogbó, wọ́n kùn ún ní funfun, wọ́n gbé ibùsùn onírin síbẹ̀, wọ́n sọ ọ́ di ọsibítù. Eré náà dá lórí àwọn dókítà obìnrin méjì tó ń tún ara olówó ṣe. Wọ́n ń gé imú, wọ́n ń fa ẹ̀rẹ̀kẹ́, wọ́n ń bu ọ̀rá ikùn sí ìdí, bí iṣẹ́ bá sì bàjẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́, wọn a gbé òkú gba ẹ̀yìnkùlé jáde. Kafilat, ọmọ Ìsàlẹ̀ Ọba, ló ń ṣe Dókítà Dúnmọ́lá, ìkà obìnrin tó ń pàṣẹ fún gbogbo wọn. Bó bá ń kọjá lọ́jà Odò-Orí, àwọn aláṣọ a máa kígbe pé, "Dókítà! Ẹ wá bá wa gé imú ọkọ wa kúrú, híhanrun rẹ̀ ti pọ̀ jù!" Òun náà a ranjú mọ́ wọn bíi ti inú eré, ẹ̀rín á sì gba ọjà kan. Ojú yẹn ló fi ń jẹun. Kò ní oko, kò ní ṣọ́ọ̀bù, ojú yẹn nìkan ló ní.

Ṣèyí ló ń ṣe dókítà kejì. Ẹ gbọ́ o: Ṣèyí ni wọ́n kọ́kọ́ fún ní ipò Dúnmọ́lá. Badrudeen tó ń darí eré ló gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ pé ojú rẹ̀ tutù jù, ó gbé e fún Kafilat. Lọ́jọ́ náà, níwájú gbogbo òṣìṣẹ́, Kafilat ò pa ẹnu mọ́. "Ojú tí kò lè lé adìyẹ nídìí àgbàdo," ló wí, "ṣé òun ni yóò dẹ́rù ba gbogbo ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun?" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ṣèyí náà rẹ́rìn-ín, ó tún fi ọwọ́ nu ojú.

Ó di ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ ya ibi tí Dúnmọ́lá ti ń pa ojú ara rẹ̀ dà kí ọlọ́pàá má bàa mọ̀ ọ́n mọ́. Kafilat dùbúlẹ̀ lórí ibùsùn. Sunday, ẹni tó ń ṣe ọgbẹ́ àti awọ àtọwọ́dá fún wọn, lẹ rọ́bà kan mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì rẹ̀. Ó nípọn bí èèpo ọsàn, Sunday sì ti fi omi pupa pamọ́ sínú rẹ̀. Ṣèyí mú abẹ. Dókítà gidi kan tó máa ń ti Ìbàdàn wá, Kúnmi, ti kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń di abẹ mú. Ṣèyí gbé e lé rọ́bà náà, ó fà á wálẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ láti abẹ́ ojú dé àgbọ̀n. Omi pupa ṣàn. Badrudeen kígbe pé ó tó, àtẹ́wọ́ sì ròkè.

Kafilat kò dìde.

"Sunday, bá mi yọ nǹkan yìí," ló wí, ẹnu rẹ̀ kò là dáadáa. "Ó ń ta mí."

Sunday ṣí rọ́bà náà. Ó yí i padà, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ ń dán, abẹ kò dé ibẹ̀ rárá. Ó wá bojú wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ Kafilat. Awọ ti là láti abẹ́ ojú dé àgbọ̀n, lójú ìlà kan náà tí abẹ gbà lórí rọ́bà. Ẹ̀jẹ̀ kò tíì jáde. Àfi bí ẹni pé ẹ̀jẹ̀ pàápàá kò tíì gbọ́.

"Yéè!" ni Sunday ké. Ìgbà náà ni ẹ̀jẹ̀ tú.

*

Ẹ jẹ́ kí n mú yín dé Olúpọ̀nnà, kí ẹ mọ ibi tí iná ti ràn wá.

Kí wọ́n tó ya ibi yẹn, Ṣèyí ti gun ọ̀kadà lọ bá ìyá arúgbó kan tó ń gbé lẹ́yìn oko kòkó níbẹ̀. Ó fi ìborùn bo orí, abẹ eré wà nínú báàgì rẹ̀. Ìyá náà kò bi í léèrè ohun tó bá wá. Kò tilẹ̀ ní kó jókòó.

"Orúkọ rẹ̀?"

"Kafilat, Mà."

"Ọmọ ta ni?"

"Ọmọ Àbẹ̀ní."

"Àbẹ̀ní ló bí i, àbí òun ló tọ́ ọ?"

"Òun ló bí i, Mà. Mo bá wọn dé ibi ìsìnkú ìyá yẹn."

Ìyá arúgbó gba abẹ. Ó bu nǹkan dúdú kan látinú àpò tó gbé kọ́ ara ògiri, ó fi ra ẹnu abẹ náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá a sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, bí ìyá ṣe ń bá ọmọ tó fẹ́ rán níṣẹ́ sọ̀rọ̀. Afẹ́fẹ́ kò fẹ́. Ewé kòkó kan kò mì. Ṣèyí fẹ́ sálọ, ṣùgbọ́n ó rántí ẹ̀rín tí wọ́n fi í rín, ó dúró.

"Kí lo fẹ́ kó ṣe?" ìyá náà bèèrè.

"Kí ojú yẹn ṣáà kúrò níwájú mi. Mi ò ní kó kú o."

"Gbogbo yín lẹ máa ń sọ bẹ́ẹ̀," ìyá náà wí, ó sì dá abẹ padà fún un.

*

Ìwó gbọ́. Àwọn kan ní gọ́ọ̀mù tí Sunday fi lẹ rọ́bà ló jó o. Àwọn kan ní ara Kafilat ni kò gba gọ́ọ̀mù. Badrudeen ní kó lọ sinmi ná. Sinmi! Ojú ènìyàn là sí méjì, wọ́n ní kó lọ sinmi.

Ọsibítù kan rán ọgbẹ́ náà. Nígbà tí oòrùn dé àtàrí, òwú bẹ̀rẹ̀ sí í já fúnra rẹ̀, ọ̀kan tẹ̀lé òmíràn, tó, tó, tó. Wọ́n tún un rán. Ó tún já. Nọ́ọ̀sì kan lára wọn gbé ṣágo oògùn kalẹ̀, ó bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Kúnmi ló wá láti Ìbàdàn. Iṣẹ́ rẹ̀ gan-an ni láti tún ojú ènìyàn ṣe: àwọn tí kẹrosíìnì jó, àwọn tí ọ̀kadà fi ojú wọn gbálẹ̀, àwọn ọmọ tí wọ́n bí pẹ̀lú ètè lílà. Ṣèyí ló mú un wá sídìí eré náà, Bọ̀dá Kúnmi ló ń pè é, bí gbogbo wa ṣe ń pe ẹni tó jù wá lọ. Ó jókòó ti Kafilat, ó rán an jẹ́jẹ́. Òwú tirẹ̀ kò já. Kò sẹ́ni tó lè sọ ìdí rẹ̀. Ṣùgbọ́n etí ọgbẹ́ ń dúdú sí i, ó sì ń jẹ ẹran lọ sábẹ́ ojú.

"Màá gé ibi tó ti kú kúrò," Kúnmi wí, "màá bu awọ itan rẹ dí i. Wàá padà síwájú kámẹ́rà. Jẹ́ kí wíwú yẹn lọ sílẹ̀ ná."

"Dókítà, ẹ má tàn mí o."

"Èmi kì í fi ojú ènìyàn ṣeré."

Ọ̀rọ̀ yẹn ni Kafilat dì mú. Àmọ́ lójoojúmọ́, bí ọ̀sán bá ti pọ́n, tí òjìji ènìyàn bá wọ abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, Kafilat a máa gbọ́ ìró kan lẹ́yìnkùlé. Ìró abẹ ni, ẹnì kan ń pọ́n ọn lára òkúta. Ó jáde lọ wò ó, kò bá ẹnì kankan. Àwọn adìyẹ ti sá wọ abẹ́ ẹrù, wọ́n pa lọ́lọ́. Ó bi àwọn ará ilé, wọ́n ní àwọn ò gbọ́ nǹkan kan. Ọgbẹ́ ojú rẹ̀ nìkan ló ń gbọ́ ọ pẹ̀lú rẹ̀, ó ń fà, bí ẹni ń fi èékánná ṣí i.

Bí ẹ bá rò pé ẹ̀rù ló ń bà á, ẹ ò mọ Kafilat. Inú ló ń bí i. Inú bí i débi pé oúnjẹ kò gba ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀. Ó yí dígí ilé gbogbo kọjú sí ògiri, ó jókòó sáàárín yàrá, ó ń dá sọ̀rọ̀. "Ta ni mo jẹ ní gbèsè? Ta ni mo gbà lọ́kọ? Kí lẹ rí lójú mi tẹ́ ẹ fi fẹ́ jẹ ẹ́?"

Sunday ló wá fún un lésì. Ó wá ní ìrọ̀lẹ́, ó wẹ̀yìn kó tó wọlé, ó sì tú nǹkan kan tó fi ọ̀rá wé. Abẹ eré náà ni. Ohun dúdú kan ti gbẹ mọ́ ẹnu rẹ̀, ó ń rùn bí irun tó jó.

"Mo fọ̀ ọ́ títí, kò lọ," ló wí. "Ṣèyí ló gbà á lọ́wọ́ mi ṣáájú ọjọ́ yẹn, ó ní òun fẹ́ lọ fi kọ́ ọwọ́ nílé. Àǹtí Kafilat, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi o. Èmi náà ní ojú tí mo fi ń ríran."

Kafilat gba abẹ náà. Kò sunkún, kò pariwo. "Ó dáa," ló wí. "Ṣèyí, ó dáa."

*

Ilé kéwú ni wọ́n bí Kafilat sí. Ká ní bàbá rẹ̀ ṣì wà láyé, ọ̀pá ni ì bá fi lé e kúrò lẹ́nu ọ̀nà Áfáà Abdulsobur ní Ilé-Ogbó. Áfáà yìí ti pa kíkọ́ ọmọ ní kéwú tì tipẹ́. Iṣẹ́ mìíràn ló ń ṣe, nínú yàrá kan tí kò ní fèrèsé. Kafilat kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, ó ṣí ìbòjú.

"Láhíláì!" Áfáà fa ara sẹ́yìn. "Ta ló ṣe ọ́ báyìí?"

"Mo mọ̀ ọ́n, Áfáà. Ọwọ́ tó fi abẹ kàn mí lójú, mo fẹ́ kó ká. Kó má lè na ìka kan mọ́ láyé."

"Ìwòsàn ńkọ́? Ṣé kì í ṣe ìyẹn ló yẹ ká kọ́kọ́ wá?"

"Mo ti ní dókítà tó máa wò mí sàn. Èyí tí mo bá wá ni kẹ́ ẹ bá mi ṣe."

Áfáà wò ó títí. Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Gbọ́ mi dáadáa. Iṣẹ́ yìí kì í tẹ̀lé orúkọ ọmọ. Ọmọ a máa jẹ́ orúkọ kan nílé, òmíràn ní ṣọ́ọ̀ṣì, òmíràn lẹ́nu iṣẹ́. Orúkọ ìyá ló ń tẹ̀lé. Ó máa gba ọ̀dọ̀ ìyá kọjá, ó máa wá ọmọ tó ti ara rẹ̀ jáde, tó ń di abẹ mú. Ìyá tó bí i ni mo wí o. Mi ò ní ìyá tó tọ́ ọ. O mọ bí agboolé wa ṣe rí: ìyàwó bàbá, màmá ni, ẹ̀gbọ́n ìyá, màmá ni, ìyá àgbà, màmá ni. Lọ wádìí, kó o wádìí dé gbòǹgbò, kó o tó padà wá bá mi."

"Mo ti gbọ́, Áfáà."

Ó gbọ́ lóòótọ́. Ẹni tí inú ń bí a máa gbọ́, kì í kàn dúró tì í ni.

*

Ilé tí Ṣèyí ń gbé kò jìnnà sí ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi. Kafilat ti rí i dájú pé Ṣèyí wà níbi tí wọ́n ti ń ya eré kó tó kan ilẹ̀kùn. Màmá kan tó ga, tó fi gèlè funfun wérí, ló ṣí i. Olùkọ́ ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, Màmá Tíṣà sì ni gbogbo àdúgbò ń pè wọ́n. Kafilat kúnlẹ̀.

"Ẹ káàsán, Mà. Kafilat ni mo ń jẹ́. Iṣẹ́ kan náà lèmi àti Ṣèyí ń ṣe."

"Hàà! Ọmọ mi!" Màmá fà á dìde, wọ́n mú un wọlé, wọ́n bu omi fún un. "Ṣèyí sọ ọ́ fún mi. Láti ìgbà yẹn lọkàn mi ò ti balẹ̀. Kò sí ìpàdé àdúrà tí n kì í dárúkọ rẹ."

Ṣèyí sọ ọ́ fún yín! Kí ló wá sọ? Ọ̀rọ̀ yẹn dé eyín Kafilat, ó fi omi tì í wọlé.

"Ẹ ṣé, Mà. Ọmọ yín ń gbìyànjú lẹ́nu iṣẹ́ wa."

"Ọmọ dáadáa lọmọ mi. Láti kékeré ni kò ti lè pa eṣinṣin."

Ìbéèrè tí Áfáà rán an wà lórí ahọ́n rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò. Ta ni yóò jókòó sínú ilé àgbàlagbà, tí yóò máa mu omi rẹ̀, tí yóò wá bi í léèrè pé ọmọ tó ń pè ní ọmọ òun yìí, ṣé òun ló bí i? Àrífín ni. Èèyàn tí wọ́n kọ́ nílé kì í gbé e jáde lẹ́nu. Ó sì lè bi àwọn ará àdúgbò, àwọn yẹn ì bá sọ fún un kíá. Kò bi wọ́n. Ó ti rí ohun tó fẹ́ rí.

Nígbà tó fẹ́ máa lọ, Màmá ní kó dúró kí àwọn gbàdúrà. Wọ́n gbé ọwọ́ lé e lórí, wọ́n di ojú.

"Baba, èmi Lydia ìránṣẹ́bìnrin rẹ ni mo dúró níwájú rẹ. Dá ojú ọmọ yìí padà fún un. Fi agbára sí ọwọ́ àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀. Má jẹ́ kí ọwọ́ wọn kùnà."

"Àmín," Kafilat wí. Ojú tirẹ̀ kò dì. Ó ti gbọ́ orúkọ tó wá gbọ́.

*

Ṣèyí wá abẹ eré lọ́jọ́ náà, kò rí i. Ó bi Sunday, Sunday ń wo ilẹ̀. Ṣèyí mọ̀ pé abẹ ti dọ́wọ́ Kafilat. Ó gba Olúpọ̀nnà lọ.

Ìyá arúgbó fún un ní ọṣẹ dúdú, ó ní kó fi wẹ̀. "Ohun tí wọ́n bá rán sí ọ, kò ní bá ọ nílé."

"Ibo ló wá máa lọ, Mà?"

"Èwo ni tèmi níbẹ̀? Nígbà tó jẹ́ pé ìwọ lò ń rán tìrẹ, ṣé o bèèrè bẹ́ẹ̀?"

Ṣèyí mú ọṣẹ, ó kúnlẹ̀, ó dúpẹ́. Kò bèèrè mọ́.

*

"Ó dá ọ lójú?" Áfáà Abdulsobur bèèrè.

"Ó dá mi lójú."

Ìbínú ló dá a lójú. Áfáà fi tàdáwà kọ orúkọ Lydia sórí wàláà, ó kọ àwọn nǹkan mìíràn yí i ká, ó fi omi fọ gbogbo rẹ̀ sínú ìgò kékeré. Ó ní kó di ọ̀sán gangan kó tó dà á sórí abẹ, kó sì fi òwú dì í.

Nígbà tí ọ̀sán pọ́n, Kafilat jáde sí ẹ̀yìnkùlé. Ìró òkúta ti bẹ̀rẹ̀. Ó da omi wàláà sórí abẹ náà, ó mú òwú dúdú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dì í láti ìdí dé ẹnu.

"Ọmọ tí Lydia bí, tó ń di abẹ mú, mo dì ọ́. Ọwọ́ tó gbé abẹ sókè sí ojú mi, kó ká. Bí òwú yìí ṣe ká, kó ká bẹ́ẹ̀. Ìka tó bá fẹ́ nà, kó má nà. Ìka tó bá fẹ́ ṣí, kó má ṣí."

Ó ń wí i, ó ń dì í, omijé ìbínú ń dà sínú ọgbẹ́. Nígbà tó so ó ní kókó, ìró òkúta dáwọ́ dúró. Adìyẹ kan yọjú lábẹ́ ẹrù. Kafilat rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ náà, ọgbẹ́ sì ta á, ó tún rẹ́rìn-ín síbẹ̀. Ó fi abẹ náà pamọ́ sísàlẹ̀ àpótí aṣọ rẹ̀.

Kò gbọ́ pé ohunkóhun ṣe Ṣèyí. Ó ń bọ̀, ló ń sọ fún ara rẹ̀. Iṣẹ́ tí mo rán ń bọ̀ lọ́nà.

*

Wíwú ojú rẹ̀ lọ sílẹ̀. Kúnmi ránṣẹ́ pé ó yá. Ó yá yàrá iṣẹ́ abẹ ní ọsibítù kékeré kan ní Ìwó, kó má baà jẹ́ pé Kafilat ń gbé ojú bẹ́ẹ̀ rìnrìn àjò. Wọ́n gún un lábẹ́rẹ́ tó pa ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kú, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ là sílẹ̀ kedere. Iná tàn yòò lókè rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe iná eré.

"Kafilat, ṣé ò ń gbọ́ mi?"

"Mò ń gbọ́ yín, Dókítà."

"Fọkàn balẹ̀. Kò ní pẹ́."

Nọ́ọ̀sì gbé abẹ lé Kúnmi lọ́wọ́. Kafilat rí ọwọ́ náà bó ṣe ń bọ̀ lórí ojú rẹ̀. Ó dúró lófuurufú. Ọmọńdinrín ìka ló kọ́kọ́ ká. Èyí tó tẹ̀lé e ká. Ìka ń ká wọnú àtẹ́lẹwọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, jẹ́jẹ́, bí ẹni pé wọ́n ń fi nǹkan dì wọ́n. Abẹ bọ́, ó balẹ̀ sórí aṣọ tí wọ́n fi bo àyà rẹ̀.

"Kí ló dé?" Kúnmi wí. Ohùn rẹ̀ ti di ti ọmọdé. Ó fẹ́ fi ọwọ́ òsì ṣí ti ọ̀tún, òsì náà ká níṣojú rẹ̀. "Kí ló ń ṣe ọwọ́ mi?"

"Jésù!" nọ́ọ̀sì ké, ó ti dé ẹnu ọ̀nà.

Kafilat dìde jókòó. Ó rí i pé bí òwú ṣe ká ni ìka náà ká.

"Dókítà, ta ni ìyá yín?"

"Ṣé irú ìbéèrè tí wọ́n ń bi èèyàn báyìí nìyẹn?"

"Ẹ dákun, ẹ dá mi lóhùn! Ta ló bí yín?"

"Màmá Tíṣà ni. Lydia. Ṣebí o dé ilé wọn lọ́jọ́sí, wọ́n sọ ọ́ fún mi."

"Ṣèyí ńkọ́?"

"Ọmọ àbúrò Màmá ni Ṣèyí. Orí ìkúnlẹ̀ ni ìyá rẹ̀ kú sí, Màmá gbé e wálé kí wọ́n tó sọ ọ́ lórúkọ. Èmi nìkan ni wọ́n bí." Ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè níwájú ojú rẹ̀, ọwọ́ tó ti di ẹ̀ṣẹ́. "Kafilat, kí ló dé tó ò ń bi mí?"

Kafilat bọ́ sílẹ̀ lórí ibùsùn, ó gba ọ̀nà Ilé-Ogbó.

*

"Ẹ tú u!" Kafilat ń lu ilẹ̀ níwájú Áfáà. "Ẹ tú u kíákíá!"

"Èmi kọ́ ni mo dì í. Mo ní kó o wádìí."

"Ìyá yẹn ń pè é ní ọmọ mi! Etí mi báyìí ni mo fi gbọ́ ọ!"

"Ta ni wọn kì í pè ní ọmọ mi ní Ìwó?" Inú ti ń bí Áfáà náà. "Ìwọ náà, ṣé kò pè ọ́ bẹ́ẹ̀?"

Kafilat rántí. Màmá pè é bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, lẹ́nu ọ̀nà, kí omi tó dé.

Áfáà ní ọ̀nà kan ló kù. Ìyá tó bí Kúnmi nìkan ló lè tú òwú náà. Ṣùgbọ́n ẹni tó dì í gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dúró níwájú ìyá náà, kó fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́. Bí ìyá bá tú u láìgbọ́, ọwọ́ ọmọ kò ní ṣí mọ́ láéláé.

Lórí ọ̀kadà, ìbòjú Kafilat ń fẹ́ lẹ́lẹ́, ó ń rò ó. Bó bá dákẹ́, ọwọ́ kan ṣoṣo tí òwú rẹ̀ kì í já lójú rẹ̀ ti kú nìyẹn. Bó bá jẹ́wọ́, ọwọ́ á ṣí. Ṣé wọ́n á wá jẹ́ kí ọwọ́ náà kàn án? Màmá yẹn, elẹ́kún àdúrà ni. Àwọn ni wọ́n ń wàásù ìdáríjì. Wọ́n á bínú, wọ́n á sunkún, lẹ́yìn náà wọ́n á ní ó tán. Ohun tó fi ń tu ara rẹ̀ nínú nìyẹn títí ó fi dé ẹnu ọ̀nà.

Kúnmi wà lórí àga ní pálọ̀, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lórí itan bí ohun tí kì í ṣe tirẹ̀. Màmá ń fi ṣíbí fún un ní ẹ̀kọ. Ṣèyí dúró létí fèrèsé. Bó ṣe rí ẹni tó wọlé, ó fẹ̀yìn ti ògiri.

Kúnmi ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Kafilat, ojú rẹ ńkọ́? Ṣé kò tíì wú padà? Mo ti ń wá ọ̀rẹ́ mi kan tó lè bá mi gbà ọ́ wò. Má bínú, ọwọ́ mi ló já mi kulẹ̀."

Má bínú! Ọkùnrin tó pa lọ́wọ́ ló ń bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú. Gbogbo ohun tí Kafilat tò sẹ́nu fọ́nká. Eékún rẹ̀ méjèèjì kan ilẹ̀, ó yọ abẹ tó fi òwú dì, ó gbé e síwájú Màmá.

"Èmi ni, Mà. Èmi ni mo dì í. Ṣèyí ni mo dì í fún, òun ló fi oògùn sára abẹ yìí tó fi là mí lójú. Mo rò pé ẹ̀yin lẹ bí i. Orúkọ tẹ́ ẹ dá nínú àdúrà lọ́jọ́ yẹn ni mo gbé lọ."

Màmá gbé ṣíbí kalẹ̀. Wọ́n yíjú sí fèrèsé.

"Ṣèyí. Ṣé irọ́ ló ń pa?"

Ṣèyí yọ̀ wálẹ̀ lára ògiri títí ó fi jókòó sílẹ̀.

Màmá kò pariwo. Wọ́n mú abẹ náà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tú òwú. Abẹ gé wọn níka, ẹ̀jẹ̀ ń kán sórí aṣọ wọn, wọn kò dáwọ́ dúró. Bí òwú ṣe ń tú, bẹ́ẹ̀ ni ìka Kúnmi ń nà, ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn, ó ń ké ìrora, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tí òwú tán, ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú, ó yí wọn padà, ó sunkún bí ọmọ ọwọ́.

Lẹ́yìn náà ló rántí iṣẹ́ rẹ̀. Ó dìde, ó wá bá Kafilat nílẹ̀ níbi tó kúnlẹ̀ sí. "Ṣí ìbòjú, jẹ́ kí n wò ó. Bí kò bá tíì dé egungun, a ṣì lè ṣe é lónìí." Ó na ọwọ́ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀.

"Má fọwọ́ kàn án," Màmá wí.

"Màmá, ẹran ara rẹ̀ ń kú lọ. Dókítà ni mí."

"Mo gbọ́. Mo gbé ọwọ́ lé e lórí nínú ilé yìí, ó ń ṣe àmín, ó ń jí orúkọ mi lẹ́nu mi. Ọwọ́ yìí, èmi ni mo bí i. Kò gbọdọ̀ kan ojú yẹn láé. Ọjọ́ tó bá kàn án, má pè mí ní ìyá mọ́."

Kafilat wọ́ dé ẹsẹ̀ wọn, ó di ẹsẹ̀ náà mú. "Màmá, ẹ forí jì mí! Ẹ nà mí. Ẹ fà mí fún ọlọ́pàá. Ẹ má ṣe èyí fún mi!"

"Mo ti forí jì ọ́. Dìde, máa lọ ilé rẹ."

"Ṣèyí ńkọ́, Mà? Òun ló bẹ̀rẹ̀! Kí lẹ máa ṣe fún Ṣèyí?"

"Ọmọ mi ni Ṣèyí," Màmá wí. "Èmi àti òun la mọ̀ ọ́n."

Kafilat dìde. Ìbòjú ti bọ́ lójú rẹ̀, kò gbé e. Ó kọjú sí Kúnmi, ó fi gbogbo ọgbẹ́ náà hàn án nínú ìmọ́lẹ̀, ó ń dúró.

Kúnmi wo ojú náà. Ó wo ìyá rẹ̀. Ó wá rọra kó ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sẹ́yìn.